Àáró Ni, Kì í Ṣe Ọ̀wẹ̀

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lónìí ti Awóyáyá wá, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Ọmọbìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni ó kọ ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ń lọ kò sí ní agbègbè náà, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ara kò rọ̀ ọ́. Mo gé lẹ́tà náà kúrú díẹ̀. Ohun tí ó wí nìyí:

“Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́, ó sì ku ọdún kan kí n jáde. Olùkọ́ wa pín wa ní márùn-ún márùn-ún pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ìwádìí lórí ohun tí wọ́n ń pè ní cloud, kí a sì kọ ìwé lé e lórí. Ogójì máàkì nínú ọgọ́rùn-ún ni iṣẹ́ náà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èmi nìkan ni mò ń ṣe é. Ẹnì kan ní ara òun kò yá, ẹnì kan kì í gbé fóònù, ẹnì kẹta ní òun kò mọ ohun tí òun ì bá ṣe. Ẹnì kẹrin ni ó tan ẹ̀rọ tí a háyà láti fi ṣe ìdánwò, kò sì rántí pa á. Káàdì ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni a fi sanwó, wọ́n sì yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo wọn sì ń retí pé kí n kọ orúkọ wọn sí i. Bàbá, ṣé kí n yọ orúkọ wọn ni, àbí kí n dákẹ́ kí n máa rọ́jú?”

Ọmọ mi, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, pàápàá jù lọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣùgbọ́n kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n là á yé àwọn ìyá àti bàbá tí ń ka ojú ewé yìí, kí wọ́n má baà rò pé ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run ni à ń sọ.

Òtítọ́ ni pé àwọsánmọ̀ ni ìtumọ̀ cloud, ṣùgbọ́n ohun tí à ń wí yìí kò sí lójú sánmọ̀ rárá. Ilé ńlá ni, tí ó kún fún kọ̀ǹpútà lóríṣiríṣi, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí tọ̀sán tòru, tí jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nítorí ìgbà tí iná bá lọ. Ẹni tí ó ni ilé náà ń fi àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ háyà fún gbogbo ayé. Ìwọ tí o wà ní Ajah yóò fi íntánẹ́ẹ̀tì kàn án, wà á lò ó fún wákàtí kan tàbí fún ọdún kan, wà á sì san iye tí o lò, bí ẹni san owó iná tí mítà kà. Ní 2006 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ irú háyà yìí ní pẹrẹu. Ní 2011, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí òṣùwọ̀n gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n sì ní àmì márùn-ún ni a fi í mọ̀ ọ́n: pé o lè mú un fúnra rẹ láìbẹ ẹnikẹ́ni, pé íntánẹ́ẹ̀tì ni a fi í dé ibẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jùmọ̀ ń lo ẹ̀rọ kan náà, pé ó lè fẹ̀, ó sì lè sún kì, bí o bá ti fẹ́ ẹ, àti pé a ń wọn ohun tí o bá lò. Àmì karùn-ún yìí ni ó jẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí. Mítà kì í sùn. Bí o bá sùn gbàgbé, òun ń kà lọ ni.

Ẹ má sì ṣe rò pé ìlú òyìnbó nìkan ni irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Ní 2010 ni wáyà MainOne, tí ó gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà, gba ìsàlẹ̀ òkun láti Portugal wọ Accra àti Èkó. Ní 2015 ni ilé-iṣẹ́ kan náà ṣí ilé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Lẹ́kí, èyí tí wọ́n sọ ní MDXi. Ní 2022 ni Equinix ti Amẹ́ríkà ra gbogbo rẹ̀. Ọdún 2022 náà ni wáyà Equiano ti Google gúnlẹ̀ sí etíkun Èkó. Ẹ sì rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà ìsàlẹ̀ òkun bí mélòó kan bàjẹ́ ní ìhà Ivory Coast. Ní ọjọ́ náà, íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní ọ̀pọ̀ ìlú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn ilé ìfowópamọ́ kò lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, àwọn tí wọ́n ń rajà ní Nàìjíríà sì ń wo fóònù wọn títí. Nítorí náà, ìwádìí tí a gbé fún ọmọ yìí kì í ṣe eré. Ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sórí àwọn ọmọ márùn-ún. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń wí pé ọ̀lẹ ni àwọn mẹ́rin yòókù, kí ọmọbìnrin yìí yọ orúkọ wọn kíá. Ẹ fara balẹ̀ ná. Kí ni wọ́n pè wọ́n sí? Àáró ni, tàbí ọ̀wẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni àwọn bàbá wa fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ kọ́lé tàbí tí ó fẹ́ ṣán igbó ńlá, yóò bẹ ará, ọ̀rẹ́ àti àna ní ọ̀wẹ̀. Wọn yóò wá lọ́jọ́ kan, wọn yóò ṣiṣẹ́, yóò fún wọn ní oúnjẹ àti ẹmu, wọn yóò sì tú ká. Ẹni tí ó dé ní kùtùkùtù àti ẹni tí ó dé nígbà tí iyán ń jáde nínú odó, àwo kan náà ni wọ́n jùmọ̀ bu òkèlè nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń ka ebè. Ọ̀wẹ̀ dára fún ohun tí a ń ṣe fún. Ìfẹ́ ni.

Àáró yàtọ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò pa ìmọ̀ pọ̀: lónìí oko tèmi, lọ́tùnla oko tìrẹ, títí yóò fi yí ká. Nínú àáró, gbogbo wa ni a mọ iye ebè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ. Bí o kò bá wá sí oko mi, o ti mọ̀ pé n kò ní wá sí tìrẹ. Kò sí ìjà níbẹ̀, ìṣirò ni.

Olùkọ́ a máa rò pé àáró ni òun pè, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kó ọmọ márùn-ún jọ tí ó ní “ẹ lọ ṣe é,” ọ̀wẹ̀ ni yóò dà. Ẹnì kan yóò kọ ebè, gbogbo wọn ni yóò jẹ iyán.

Èyí kì í ṣe ìwà ọmọ ayé òde òní nìkan. Òyìnbó Faransé kan tí ń jẹ́ Max Ringelmann, ẹlẹ́rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, ní kí àwọn ọkùnrin fa okùn, ó sì wọn agbára wọn. Ní 1913 ni ó tẹ ohun tí ó rí jáde. Ó rí i pé bí ènìyàn bá ti ń pọ̀ sí i nídìí okùn, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò ń dín kù. Nígbà tí wọ́n fi pé mẹ́jọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan kò fa ju nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ lọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ nítorí pé wọn kò fà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró létí òkun ní apá Lẹ́kí rí, nígbà tí àwọn apẹja ń fa àwọ̀n ńlá bọ̀ wálẹ̀, yóò mọ̀ pé àwọn kan máa ń di okùn mú láìfà á. Ní 1979, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà mẹ́ta, Latané, Williams àti Harkins, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́ kí wọ́n sì hó yèè. Ohun kan náà ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí ní 1981 ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání: nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé a ó dá ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, olúkúlùkù hó bí ẹni pé òun nìkan ni. Ìmẹ́lẹ́ náà lọ. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n àáró ni? Bí a bá ń ka ebè, àgbẹ̀ yóò kọ ebè.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí irú iṣẹ́ yìí bá kàn, ẹ gbọ́ bí ẹ ó ti sọ ọ́ di àáró.

Ìkíní, ẹ wá ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó ní ìdáhùn. “Ìwúlò cloud ní Nàìjíríà” kì í ṣe ìbéèrè, igbó kìjikìji ni. Èyí ni ìbéèrè: oníṣòwò kan ní Ajah fẹ́ háyà kọ̀ǹpútà fún ìwé ọjà rẹ̀; ṣé kí ó mú èyí tí ó wà ní Èkó ni, tàbí ti Cape Town, tàbí ti Ireland? Amazon ní ilé ńlá ní Cape Town láti 2020, ó sì ṣí kékeré kan sí Èkó ní 2023, nítorí náà a lè fi wọ́n wé ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú okùn gíláàsì ìsàlẹ̀ òkun, ó sì ń sáré tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Èkó dé London tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 10,000. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò lè lọ kí ó sì bọ̀ kí ó tó gba àádọ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìdá ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ kọ iye owó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì ní ohun tí ẹ lè fi yangàn.

Ìkejì, ẹ pín oko náà sí abala márùn-ún, kí abala kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀. Ẹnì kan yóò ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ ṣáájú, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹnì kan yóò máa ṣọ́ ẹ̀rọ àti owó. Ẹnì kan yóò ṣe ètò tí yóò máa wọn nǹkan. Ẹnì kan yóò yẹ iye tí wọ́n wọ̀n wò, bóyá ó tọ̀nà. Ẹnì kan yóò kó ìwé jọ. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ẹgbẹ́ lọ sí oko olúkúlùkù fún ọ̀sẹ̀ kan, bí a ti í ṣe láyé àáró: ọ̀sẹ̀ yìí gbogbo wa ní abala ìwé kíkà, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ gbogbo wa ní abala ẹ̀rọ. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, ẹlòmíràn ti mọ ọ̀nà oko rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, nígbà tí gbogbo yín ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ara yín. Ojú ewé kan tó. Kí ó wí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe, ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀, àti ohun tí ẹ ó ṣe bí kò bá ṣe é. Kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fún olùkọ́ ní ẹ̀dà kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i ti fi ara rẹ̀ hàn lọ́jọ́ kìíní.

Ìkẹrin, ẹ máa ka ebè. Ẹ pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: kí ni mo ṣe, kí ni mo fẹ́ ṣe, kí ni ó dí mi lọ́wọ́? Kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Git, èyí tí Linus Torvalds ṣe ní 2005. Ó máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi í dá ènìyàn lẹ́jọ́ tán, nítorí ẹni tí ó kàwé fún ọjọ́ mẹ́ta lè má ní ìlà kan níbẹ̀.

Ìkarùn-ún, owó. Ẹ má ṣe fi káàdì ẹbí ṣe ìdánwò bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Ẹ bi olùkọ́ yín bóyá ó lè gba owó ìdánwò ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń háyà ẹ̀rọ, nítorí wọ́n máa ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá tan ẹ̀rọ ni kí ó pa á, kí ó sì kọ wákàtí tí ó pa á sínú ìwé. Ẹ fi ìkìlọ̀ owó sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa: ìkìlọ̀ náà máa ń kọ lẹ́tà sí yín ni, kì í pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bí ẹ kò bá ṣe ètò tí yóò pa á. Ọ̀pọ̀ ni ó ti rò pé ajá náà yóò bu olè jẹ, tí ó sì jẹ́ pé ó kàn ń gbó lásán ni.

Ìkẹfà, nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe sí ìparí ìwé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Wọ́n ní àkójọ kan tí ń jẹ́ CRediT, tí ó pín iṣẹ́ ìwádìí sí oríṣi 14, tí olúkúlùkù yóò sì mú èyí tí ó ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́ náà, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fún gbogbo ẹgbẹ́ ní máàkì kan náà láìbéèrè, ẹ̀yin ni ẹ se àsè ọ̀wẹ̀. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú máàkì jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí díẹ̀ sì jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè lórí abala ẹlòmíràn. Ẹ sì wo iṣẹ́ wọn ní àárín ọ̀nà. Kí ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ilé bá ti jó tán.

Wàyí o, ọmọ mi ní Awóyáyá, ìdáhùn rẹ nìyí. Má ṣe yọ orúkọ ẹnikẹ́ni ní ìkọ̀kọ̀; bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ ni wọn yóò pè ní ọ̀dàlẹ̀, o kò sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Má sì ṣe dákẹ́, nítorí ìdákẹ́jẹ́ rẹ ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́la. Gbé ohun tí ó kù kalẹ̀, kí olúkúlùkù mú abala kan àti ọjọ́ kan, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó ní òun kò mọ ohun tí òun ì bá ṣe, òun ni kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni ó ń sọ. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n ṣe ti gba gbogbo ọkọ́ mọ́ra, o kò sì fún un ní ebè kankan. Àṣìṣe tìrẹ nìyẹn, má bínú sí mi. Béèrè àìsàn ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kí o tó béèrè iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹnì kan kò sì ṣe ohun tí ó fọwọ́ sí, mú ìwé náà lọ bá olùkọ́ yín ní gbangba, pẹ̀lú ìmọ̀ gbogbo wọn, nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì ṣì kù. Ẹjọ́ tí a rò kí iṣẹ́ tó parí, ìrànlọ́wọ́ ni. Èyí tí a rò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀sùn ni.

Ní ti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta, gbèsè ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó gbàgbé nìkan, nítorí kò sí ẹni tí ó yàn án láti máa ṣọ́ ẹ̀rọ. Ẹgbẹ̀rún méjìlá-méjìlá ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú, kí ẹ ṣàlàyé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín. Àwọn mìíràn a máa forí ji ẹni tí ó bá ṣe irú àṣìṣe yìí ní ìgbà àkọ́kọ́. Lónìí olónìí, kí o tó jẹun alẹ́, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun kankan ṣì wà tí ẹ kò pa, kí o sì yọ káàdì náà kúrò. Lẹ́yìn náà, lọ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Má ṣe dúró kí owó pé kí o tó lọ. Gbé ẹgbẹ̀rún méjìlá tìrẹ dání, sọ fún un ọjọ́ tí ìyókù yóò dé, kí o sì sọ ohun tí ẹ ti ṣe kí ó má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Owó lè dun ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá rò pé àbúrò òun kò kà á sí.

Bí ó bá ti rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kọ̀wé sí mi. Ẹ̀yin òǹkàwé yòókù tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, tí ẹ mọ ọgbọ́n mìíràn tí a lè fi ka ebè láìdá ìjà sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n kí gbogbo ìka wà níbẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.